Kí ló kọ ilà sí eyín ọmọ mi: X-ray ni, àbí àìjẹun inú oyún?

Ìyá kan tó ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá, ló kọ̀wé sí mi báyìí:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún méjì. Eyín iwájú òkè rẹ̀ ní kòtò kéékèèké, ilà kan tó pọ́n bí omi tíì sì gba ìbú wọn kọjá ní nǹkan bí àárín eyín. Nígbà tí oyún rẹ̀ wà ní ọ̀sẹ̀ keje, tí èmi fúnra mi kò tíì mọ̀ pé mo lóyún, mo ya X-ray àyà torí iṣẹ́ tí mo fẹ́ wọ̀. Lẹ́yìn náà, èébì kò jẹ́ kí n lè jẹ ju ẹ̀kọ àti bisikíìtì lọ títí oyún fi wọ oṣù karùn-ún, ibà sì dá mi dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Kílógíráàmù 2.4 ni ọmọ náà wọ̀n nígbà tí mo bí i. Ìyá ọkọ mi ní X-ray ló ba eyín ọmọ jẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni eyín àgbà rẹ̀ yóò ṣe rí?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá. Ó hàn nínú ìwé yín pé ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀sùn nínú ilé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìdáhùn kí àlàyé tó tẹ̀ lé e. X-ray àyà yẹn kọ́ ló ṣe é. Ìtànṣán tó dé inú ilé ọmọ kéré jù, ọ̀sẹ̀ tí ẹ yà á kò sì bá ibi tí ilà náà wà lára eyín mu. Ohun tí mo fura sí ni ibà oṣù kẹfà, tó bá yín lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí oúnjẹ kò fi dúró ní inú yín, àti ohun yòówù tí kò jẹ́ kí ọmọ náà tóbi tó nínú oyún. Mo ní "fura" nítorí pé n kò tíì fi ojú mi rí eyín náà, àwọn nǹkan mìíràn sì wà tó lè jọ ọ́, èmi yóò sì dárúkọ wọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìgbà tí eyín bá yọ ni iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó yọ eyín àkọ́kọ́ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, orí eyín náà ti parí nínú egungun àgbọ̀n. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà oyún ni awọ inú ẹnu ọlẹ̀ ń nípọn ní ibi tí eyín yóò wà, nígbà tó bá sì fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹwàá, kókó kéékèèké ti ń yọ níbẹ̀ fún ogún eyín ọmọdé. Ohun rírọ̀ ni àwọn kókó yìí, wọn kò tíì ní egungun kankan. Ó di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá kí kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú eyín iwájú tí wọ́n sì ń mú un le, láti etí tí a fi ń gé oúnjẹ, tí iṣẹ́ náà sì ń lọ sí ìhà ìdí eyín díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ mọ ilé láyé àtijọ́, tí wọ́n ń mọ ipele kan, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó gbẹ kí wọ́n tó gbé èkejì lé e, yóò lóye bí èèpo eyín ṣe ń di mímọ. Èèpo tí mò ń sọ ni ìpele funfun líle tó bo eyín lóde, òun ló le jù lọ nínú gbogbo ara ènìyàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tíńtìntín inú ara tó ń mọ ọ́n ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ní ipele-ipele, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwà kan tí kò sí lára àwọn tó ń mọ egungun: bí wọ́n bá parí iṣẹ́, wọn kì í wà mọ́ láti tún un ṣe. Egungun tó ṣẹ́ a máa so, awọ tó bó a sì máa padà hù, àmọ́ ipele èèpo eyín tí a mọ lọ́jọ́ tí èròjà kò tó, tàbí tí ara ìyá gbóná janjan, bẹ́ẹ̀ ni yóò wà títí eyín yóò fi bọ́. Ọjọ́ ìbí pàápàá a máa kọ ilà tirẹ̀ síbẹ̀, ilà tín-ín-rín tí a máa ń rí bí a bá fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo eyín ọmọdé tí a gé lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, tí ó ya èèpo tí a mọ nínú oyún sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí a mọ lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà a lè ka déètì lára eyín. Eyín méjì àárín lókè bẹ̀rẹ̀ sí le ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Nígbà tí wọ́n bá bí ọmọ, nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà èèpo wọn ti parí. Ìyókù yóò sì parí kí ọmọ tó pé oṣù méjì. Bí àbùkù bá wà ní etí eyín gan-an, oṣù kẹrin oyún ni a óò bi léèrè. Bí ó bá wà ní ìdí, lẹ́bàá ẹran tó di eyín mú, ọjọ́ ìbí àti ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni. Tiyín wà ní àárín, èyí tó bá oṣù karùn-ún sí ìkeje mu, ibà yín sì jẹ́ ti oṣù kẹfà. Ní ọ̀sẹ̀ keje tí ẹ ya X-ray, èèpo eyín kankan kò tíì sí nílẹ̀ tí a lè fi ilà sí. Ká tilẹ̀ sọ pé ìtànṣán tó pọ̀ gan-an dé ibẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, kókó eyín ni ì bá bà jẹ́, eyín tó kéré ju bó ṣe yẹ lọ tàbí eyín tí kò yọ rárá ni à bá sì máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwọ̀n ìtànṣán náà fúnra rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbẹ̀rù wà. Milligray ni a fi ń wọn èyí tí ara gbà. X-ray àyà kan kì í jẹ́ kí ọlẹ̀ gbà tó 0.01 milligray, nítorí àyà ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ, ìwọ̀nba táṣẹ́rẹ́ tó fọ́n ká nínú ara ìyá ló ń dé ìsàlẹ̀. X-ray eyín náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí aboyún bá jókòó sílé rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án tí kò dé ọsibítù rárá, ìtànṣán tó ń jáde láti inú ilẹ̀, láti inú òkúta àti láti ojú ọ̀run yóò fún ọlẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 0.5 sí 1 milligray. Ní àwọn apá kan ní òkè Jos, níbi tí iyanrìn tó ṣẹ́kù láti ìgbà ìwakùsà tánńganran ti wà káàkiri, tí àwọn kan tilẹ̀ ti fi kọ́lé, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò tíì rí i kí ọmọ ní àbùkù ara láti inú ìtànṣán tó dín ní 100 milligray nígbà oyún, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń fi 50 ṣe ààlà kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Ẹ fi 0.01 wé 50.

Ìtànṣán tó ń ba eyín jẹ́ wà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìtàn ni. A mọ̀ ọ́n dáadáa lára àwọn ọmọ kékeré tí wọ́n tan ìtànṣán sí lórí tàbí ní ọrùn láti wo àrùn jẹjẹrẹ. Ní nǹkan bí 10 gray, ìyẹn 10,000 milligray, àwọn tó ń mọ èèpo eyín ń bàjẹ́ láìpadà. Ní nǹkan bí 30 gray, eyín tó ń dàgbà lè dúró pátápátá. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa ní eyín kéékèèké, eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, tàbí àlàfo níbi tó yẹ kí eyín wà. Eku tí wọ́n tan ìtànṣán líle sí nígbà oyún nínú ilé ìwádìí náà ti bí ọmọ tí eyín wọn kò pé. Ti ènìyàn nínú oyún yàtọ̀ díẹ̀: nínú àwọn ọmọ tó wà ní inú ìyá wọn nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Hiroshima àti Nagasaki ní oṣù kẹjọ ọdún 1945, ọpọlọ ni ìpalára ti hàn jù, àgàgà lára àwọn tí oyún wọn wà láàárín ọ̀sẹ̀ kẹjọ sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. X-ray àyà kan kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí.

Ọ̀nà kejì tún wà tí ìtànṣán lè fi wọ eyín, tí kò gba inú ẹ̀rọ kankan kọjá. Nígbà tí wọ́n ń dán bọ́ǹbù wò lójú sánmà ní ọdún 1950 sí 1963, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní strontium-90 ń bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú òjò, ó ń wọ koríko, màálù ń jẹ ẹ́, ó sì ń wọ inú wàrà. Ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti kálísíọ̀mù, nítorí náà ó ń kó o sínú egungun àti eyín ọmọ, títí kan ọmọ inú oyún. Ní ìlú St. Louis ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1958, àwọn ìyá fi eyín ọmọdé tó bọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olùwádìí, iye rẹ̀ sì lé ní 300,000 kí iṣẹ́ náà tó parí. Wọ́n rí i pé eyín àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní 1963 ní strontium-90 tó tó ìlọ́po àádọ́ta èyí tó wà lára àwọn tí wọ́n bí ní 1950. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò: ní oṣù kejì ọdún 1960 ni Faransé kọ́kọ́ dán bọ́ǹbù tirẹ̀ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Algeria, ìjọba Nàìjíríà sì lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù kìíní ọdún 1961 nítorí rẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ lè rí i pé eyín ń tọ́jú ohun tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ìbáà jẹ́ rere tàbí búburú. Ní ti ọmọ yín, ohun tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ náà kò tó ni wàhálà.

Kí n tó fi ti ìtànṣán sílẹ̀: sikáànù tí wọ́n fi ń wo oyún kì í ṣe ìtànṣán rárá, ohùn tí etí kò lè gbọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni òpó tẹlifóònù tó wà lẹ́yìn ilé yín kò lè ba eyín ọmọ jẹ́. Èyí tó yẹ kí aboyún máa béèrè lé lórí ni sikáànù CT ti ikùn tàbí ìbàdí, èyí tí wọ́n ń fi X-ray púpọ̀ yà, tí ó lè fún ọlẹ̀ ní 10 sí 50 milligray, tí dókítà sì máa ń ṣe kìkì bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu tàbí tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ báwọ̀nyí, Nigerian Nuclear Regulatory Authority, ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2001, Àbújá níbí ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì wà. Ẹni tó ya X-ray yẹn fún yín ì bá ti béèrè ìgbà tí ẹ rí nǹkan oṣù yín kẹ́yìn. Bí kò bá béèrè, àìṣedéédé tirẹ̀ ni, àmọ́ kò ṣe ọmọ yín ní ibi.

Nísinsìnyí, oúnjẹ. Láti nǹkan bí ọdún 1918 ni obìnrin onímọ̀ kan ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, May Mellanby, ti fi ọmọ ajá hàn pé bí oúnjẹ kò bá ní ohun tí a wá mọ̀ sí fítámìnì D, èèpo eyín yóò tín-ín-rín, yóò sì rí gbágungbàgun. Àwọn olùwádìí ní Kánádà náà ti rí i ní ayé tiwa pé bí fítámìnì D bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, eyín ọmọ rẹ̀ a máa ní irú àbùkù yìí jù, kòkòrò a sì máa tètè jẹ ẹ́. Fítámìnì A ń ran àwọn tó ń mọ èèpo lọ́wọ́ láti dúró déédéé. Bí amáradàgbà inú oúnjẹ kò bá tó, eyín a máa pẹ́ kí ó tó yọ. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì ni èèpo náà fúnra rẹ̀.

Ní àríwá níbí, ti kálísíọ̀mù ni mo kà sí pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ibi tí oòrùn ti ń ràn tó báyìí, kí ni egungun ọmọ ń wá tó fi rọ̀? Ní ọdún 1999, àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ lára àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ ní Jos gbé èsì jáde pé nǹkan bí mílígíráàmù 200 kálísíọ̀mù péré ni àwọn ọmọ náà ń rí nínú oúnjẹ lójúmọ́, àti pé àwọn tí wọ́n fún ní kálísíọ̀mù sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámìnì D nìkan lọ. Oòrùn wà, ṣùgbọ́n èròjà tí oòrùn ń ràn lọ́wọ́ kò sí nínú àwo. Oúnjẹ tó jẹ́ tùwó tàbí ẹ̀kọ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí wàrà kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò yàtọ̀ yálà ọmọ ọdún mẹ́ta ló jẹ ẹ́ tàbí aboyún. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé àwọn Fúlàní ń kiri nónò, wàrà kíkan wọn, kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Àwa tí a ti ìwọ̀ oòrùn wá máa ń fojú fò ó, a sì ń ra mínírà dípò rẹ̀. Aboyún tí wàrà kò bá lára mu lè jẹ ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tòun ti egungun rẹ̀, ọbẹ̀ kúká tí wọ́n fi ewé oṣè sè, àti ewé zogale (moringa). Epo pupa àti ẹyin yóò bá a wá fítámìnì A. Nónò tí a kò sè lè ní kòkòrò àrùn nínú, kí aboyún jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wàrà náà kaná.

Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn aboyún níyànjú pé níbi tí kálísíọ̀mù kò bá tó nínú oúnjẹ, kí wọ́n máa lo gíráàmù 1.5 sí 2 lójúmọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni wọ́n torí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe eyín, àmọ́ eyín kò ní kọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe gbé e mì pọ̀ mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi wákàtí mélòó kan sí àárín wọn, nítorí ọ̀kan ń dí èkejì lọ́wọ́.

Ìyá mìíràn a máa sọ pé ọmọ ló fa kálísíọ̀mù kúrò nínú eyín òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú egungun ìyá ni ọlẹ̀ ti ń yá nǹkan bí oúnjẹ kò bá tó; eyín àgbàlagbà kì í yá ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Èébì àràárọ̀ tó ń fọ eyín ní omi kíkan, àti ẹran ìdí eyín tó ń wú nígbà oyún, ni ó máa ń fa wàhálà tí wọ́n ń rí.

Ibà ti oṣù kẹfà kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wa. Ibà máa ń jókòó sínú ibi ọmọ, ó sì ń dín oúnjẹ tó ń kọjá sọ́dọ̀ ọlẹ̀ kù, àní bí ìyá bá tilẹ̀ ń jẹun. Ọmọ tí kò tó kílógíráàmù 2.5 nígbà tí wọ́n bí i wà lára àwọn tí a máa ń rí àbùkù èèpo eyín lọ́dọ̀ wọn jù, tiyín sì jẹ́ 2.4. Bí mo bá to oṣù mélòó kan ẹ̀kọ àti bisikíìtì, ibà, àti ìwọ̀n yìí pọ̀, n kò nílò X-ray láti ṣàlàyé ilà kan.

Àwọn tó lè jọ ọ́ nìyí. Bí ẹ bá lo tetracycline, èyí tí wọ́n ń tà fàlàlà ní kẹ́míìsì fún inú rírun, lẹ́yìn oṣù kẹrin oyún, ó lè pa eyín ọmọ láró sí yẹ́lò tàbí eérú, àmọ́ kò sábà gbẹ́ kòtò. Ibà pọ́njú tó le lẹ́yìn ìbí lè mú kí eyín ní àwọ̀ ewé. Omi kànga tí fluoride pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí a ṣe mọ̀ ọ́n ní Langtang ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń fi funfun àti àwọ̀ ilẹ̀ sí eyín, ṣùgbọ́n eyín àgbà ló sábà ń bá jà ju ti ọmọdé lọ. Èyí tó ń kan èmi lára jù ni kòkòrò: èèpo tó ti tín-ín-rín tẹ́lẹ̀ ni kòkòrò ń kọ́kọ́ wọ̀, ọmọ tó sì ń fi fídà oníṣúgà lẹ́nu sùn lóru lè sọ ilà kékeré di ihò dúdú láàárín oṣù díẹ̀.

Ní ti eyín àgbà, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀. Yàtọ̀ sí eyín ńlá ẹ̀yìn tó máa ń yọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́fà, tí ó ń bẹ̀rẹ̀ sí le ní àsìkò ìbí, kò sí èyí tí èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú oyún. Ọ̀pọ̀ nínú eyín iwájú àgbà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin lẹ́yìn ìbí, wọ́n sì ń bá a lọ títí di nǹkan bí ọdún mẹ́rin sí márùn-ún. Ìyẹn ni pé ohun tí ọmọ yín ń jẹ nísinsìnyí, àti ibà tí ẹ bá tètè wò, ló ń kọ eyín tí yóò fi ṣe ọ̀dọ́bìnrin.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láàárín oṣù yìí, kí ẹ sì mú káàdì aboyún yín dání, torí déètì ibà àti ìwọ̀n ìbí wúlò fún wa ju ìrántí lọ. A lè kun fluoride sí eyín náà ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, kí a sì dí àwọn kòtò tó jìn. Nílé, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride 1,000 ppm, èyí tí kò ju hóró ìrẹsì kan lọ, èyí tí ẹ bá fọ̀ kẹ́yìn lálẹ́ ni kí ó sì jẹ́ ohun ìkẹyìn tó wọ ẹnu rẹ̀ yàtọ̀ sí omi. Ìyá ọkọ yín lè bá yín wá bí ó bá fẹ́. Mo máa ń fẹ́ fi ilà náà han àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n fi ìka wọn ka oṣù oyún láti etí eyín dé ìdí rẹ̀. Bí ọmọ náà bá sì pé ọdún mẹ́fà, ẹ tún gbé e wá kí n wo eyín ńlá ẹ̀yìn yẹn bí ó bá ṣe ń jáde.